Máàkì rẹ ga, ìgbòkègbodò rẹ kéré: bí o ṣe máa kọ̀wé wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Common App ni fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, àyè 10 ló sì wà nínú rẹ̀ fún ìgbòkègbodò lẹ́yìn ìwé. Ọmọ tí A kún káàdì rẹ̀, tó gba 1500 nínú 1600 nínú SAT, ìdánwò ìwọlé kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń wò, lè dé ibẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kì í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ kankan, kì í gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́, kò dá àjọ kankan sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré wá nǹkan dí àyè náà, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń ba fọ́ọ̀mù jẹ́. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kó mọ yunifásítì tó ka ìgbòkègbodò sí àti èyí tí kò kà á sí, kó tó wá jókòó ṣírò ohun tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣe ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé àwọn ò ní ìgbòkègbodò ló ní in. Wọn ò kàn mọ̀ pé ó ṣeé kọ sílẹ̀ ni.

Kọ́kọ́ wá C7

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà máa ń gbé ìwé kan jáde lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Common Data Set. Tẹ orúkọ yunifásítì náà sínú Google, fi "Common Data Set" tẹ̀ ẹ́ lé e, wàá sì rí i. PDF ló sábà máa ń jẹ́. Má wulẹ̀ ka gbogbo rẹ̀. Lọ tààrà sí apá C, kí o wá tábìlì C7. Níbẹ̀ ni yunifásítì náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí ohun tó máa ń wò lára ọmọ: bí kọ́ọ̀sì tó ṣe ní girama ṣe le tó, GPA (ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ ní girama), ipò rẹ̀ ní kíláàsì, máàkì ìdánwò, àròkọ, lẹ́tà olùkọ́, ìgbòkègbodò, ẹ̀bùn, ìwà, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un, iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, àti bí ọmọ náà ṣe fi hàn tó pé òun fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀kan nínú àmì mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà: ó ṣe pàtàkì gan-an, ó ṣe pàtàkì, a máa ń wò ó, a kì í wò ó.

Bí GPA àti líle kọ́ọ̀sì bá wà lábẹ́ "ó ṣe pàtàkì gan-an", tí ìgbòkègbodò sì wà lábẹ́ "a máa ń wò ó" lásán, ilé ẹ̀kọ́ yẹn bá ọ mu. Wo ìlà iṣẹ́ olówó náà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí tó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ ni kò mọ̀ pé ó ní ìlà tirẹ̀. Bí ìlà tó kẹ́yìn, ti bí ọmọ ṣe fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà tó, bá ní àmì, forúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kí o sì máa ṣí ímeèlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀, ọmọ tí kò ní ìgbòkègbodò púpọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó rọrùn báyìí ṣòfò.

Kí o tó pa ìwé náà dé, wo C1, níbi tí iye tó kọ̀wé àti iye tí wọ́n gbà wà, àti C9, tó ń sọ máàkì SAT àti ACT (ìdánwò ìwọlé mìíràn tó jọ SAT) àwọn tó wọlé. Nínú nọ́ńbà tí C9 ń fún ọ lórí ìdánwò kọ̀ọ̀kan, méjì ni kí o wò: èyí tí ìdámẹ́rin àwọn tó wọlé kò kọjá, àti èyí tí ìdámẹ́rin wọn gbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí máàkì rẹ bá ju nọ́ńbà òkè lọ, tí ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń gba ju ìdajì àwọn tó kọ̀wé sí i lọ, ìgbòkègbodò tó kéré kò ní dí ọ lọ́nà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń mú 5 nínú 100 ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà níbẹ̀ ló ní irú máàkì tí o ní. Nínú ẹjọ́ lórí bí Harvard ṣe ń gba ọmọ wọlé, tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá ní 2023, ó hàn sí gbogbo ayé pé àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù níbẹ̀ máa ń fún ọmọ ní nọ́ńbà láti 1 dé 6, 1 ló dára jù, lórí ìwé lọ́tọ̀, lórí ìgbòkègbodò lọ́tọ̀, lórí eré ìdárayá lọ́tọ̀, lórí ìwà lọ́tọ̀. Máàkì 1600 kò lè di ihò tó wà ní apá kejì. Kọ̀wé síbẹ̀ bó bá wù ọ́, àmọ́ má jẹ́ kó ju méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú àkójọ rẹ.

Ibi tí nọ́ńbà ti ń gba ọmọ wọlé

Àwọn yunifásítì ìjọba kan wà tó jẹ́ pé ìṣirò ni wọ́n fi ń gba ọmọ, wọn kì í bi ọ́ léèrè ẹgbẹ́ tí o wà.

Iowa ló ṣe é gbangba jù. Yunifásítì ìjọba mẹ́ta tó wà níbẹ̀, University of Iowa, Iowa State àti Northern Iowa, ń lo ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní RAI. Fi 3 sọ máàkì ACT rẹ di púpọ̀, fi 30 sọ GPA rẹ di púpọ̀, fi 5 sọ iye ọdún kọ́ọ̀sì pàtàkì tí o ṣe ní girama di púpọ̀, kí o wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Iowa tó bá ní 245 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ti ṣe kọ́ọ̀sì tó pọn dandan, ti wọlé. Ká ní ACT rẹ jẹ́ 28, GPA 3.8, tí o sì ní ọdún kọ́ọ̀sì 15: 84 pẹ̀lú 114 pẹ̀lú 75 jẹ́ 273. O ti kọjá. Bó bá jẹ́ SAT lo ṣe, wọn á yí i padà sí ACT. Ẹ̀ka bíi ìmọ̀ ẹ̀rọ lè béèrè ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ka ojú ìwé ẹ̀ka tí o fẹ́.

Ní Texas, òfin ti wà láti 1997 pé ọmọ tó bá parí girama láàárín 10 nínú 100 tó mókè jù ní kíláàsì rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àyè ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà. UT Austin ni òfin gbà láyè láti dín nọ́ńbà yẹn kù. Fún àwọn tó ń wọlé ní 2026, 5 nínú 100 ló jẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń já ọ̀pọ̀ òbí kulẹ̀: yunifásítì ni òfin náà fún ọmọ, kò fún un ní ẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí òwò ní UT Austin ṣì máa bá àwọn yòókù du àyè, àròkọ àti ìgbòkègbodò á sì tún jáde níbẹ̀. Mú ẹ̀ka kejì tí o lè fara mọ́ dání.

California State University, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní CSU, kò béèrè àròkọ, kò béèrè lẹ́tà olùkọ́, láti 2022 kò sì wo SAT tàbí ACT mọ́. GPA àwọn kọ́ọ̀sì girama pàtàkì tí wọ́n ń pè ní A–G ló ń wò, 2.5 ni ìbẹ̀rẹ̀ fún ọmọ California, ẹ̀ka tí èrò pọ̀ sí á sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cal Poly San Luis Obispo nìkan ni kí o ṣọ́ra fún, torí òun máa ń béèrè iye wákàtí tí o fi ṣiṣẹ́ àti èyí tí o fi ṣe ìgbòkègbodò.

Má ṣe pa CSU àti University of California pọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ gan-an ni. UC kì í wo SAT rárá, kódà bí o bá gba 1600. Ó sì tún fi àyè 20 sílẹ̀ fún ìgbòkègbodò àti ẹ̀yẹ, ó ní kí o dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nínú mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ 350 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ìdánwò ni agbára rẹ, tí ìgbòkègbodò sì ni àìlera rẹ, UC ti mú ohun tó dára jù lọ́wọ́ rẹ kúrò, ó sì wá béèrè èyí tí o kò ní. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń béèrè ìdánwò ló sàn. MIT dá a padà ní 2022. Harvard, Dartmouth àti Caltech kéde ní 2024 pé àwọn náà dá a padà. Georgetown àti àwọn yunifásítì ìjọba Florida ń béèrè rẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n bá ti ní ìdánwò kò pọn dandan, fi máàkì rẹ ránṣẹ́ bó bá wà láàárín nọ́ńbà méjì C9 tàbí tó ga jù wọ́n lọ.

Ní ti owó, University of Alabama wà lára àwọn tó ń gbé tábìlì jáde pé ẹni tó bá ní GPA báyìí àti máàkì báyìí máa gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ báyìí. Ka tábìlì ọdún tí o fẹ́ wọlé, nítorí ó máa ń yí padà. Ọ̀nà mìíràn ni National Merit, ètò ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ fún àwọn tó mókè jù nínú PSAT, ìdánwò tó jọ SAT. PSAT tí wọ́n ń ṣe ní oṣù kẹwàá Grade 11 ló ń ṣí i, bí ọmọ 16,000 ló sì ń di Semifinalist lọ́dọọdún, máàkì PSAT nìkan ni wọ́n fi ń mú wọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú máàkì tirẹ̀. Àwọn yunifásítì kan, bíi University of Texas at Dallas, máa ń fi owó ńlá wá Finalist, ìyẹn Semifinalist tó tún kọjá ìpele kejì, kiri. Ọmọ Grade 10 tó mọ ìdánwò ṣe gbọ́dọ̀ mú PSAT ní òkúnkúndùn ju ẹgbẹ́ tuntun èyíkéyìí lọ.

Ṣírò wákàtí rẹ

Mú bébà kan. Wákàtí 168 ló wà lọ́sẹ̀. Yọ 56 fún oorun, 35 fún ilé ẹ̀kọ́, 20 fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ku 57. Yọ oúnjẹ, ìwẹ̀ àti ìrìn ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Kí lo ń fi ìyókù ṣe? Kọ ọ́ bó ṣe rí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe bí o ṣe fẹ́ kó rí.

Ohun tó máa ń jáde lórí bébà yẹn máa ń ya àwọn ọmọ fúnra wọn lẹ́nu. Common App ní kí o yan irú ìgbòkègbodò láti inú àkójọ kan, "Family Responsibilities" sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "Work (Paid)", "Religious", "Computer/Technology", "Research" àti "Foreign Language". Ọmọ tó ń tọ́jú àbúrò, tó ń ṣe ògbufọ̀ fún òbí ní báǹkì àti ilé ìwòsàn, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéwú, tó ń tún kọ̀ǹpútà àwọn aládùúgbò ṣe, tó ń kọ́ èdè Jámánì fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, gbogbo èyí ni wọ́n ń kà. Ní 2016, Harvard Graduate School of Education gbé ìròyìn kan jáde tí ọ̀pọ̀ olórí ẹ̀ka ìgbaniwọlé ní yunifásítì ńláńlá fọwọ́ sí, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ka ìtọ́jú ẹbí sí iṣẹ́ gidi, àti pé ìgbòkègbodò díẹ̀ tó jinlẹ̀ sàn ju èyí tó pọ̀ lọ.

Lẹ́tà 50 ni àyè ipò rẹ gbà, orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ibi iṣẹ́ gba 100, àlàyé gba 150, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú ìṣirò. Nítorí náà, fi ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ̀rẹ̀, fi nọ́ńbà sí i, má tún orúkọ ẹgbẹ́ pè nínú àlàyé. Wo ọmọ kan tó kọ báyìí:

"Mo máa ń ran àwọn òbí mi lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé, mo sì ń tọ́jú àwọn àbúrò mi."

Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń kà á kò rí nǹkan kan. Ọmọ yẹn kan náà lè kọ ọ́ báyìí:

"Mo ń mú àbúrò 2 bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, mo ń se oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ 5, mo ń kọ́ wọn ní ìṣirò, mo ń ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà nílé ìwòsàn."

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó wọ inú lẹ́tà 150. Lẹ́yìn èyí ló kan wákàtí. Bó bá jẹ́ wákàtí 2 ààbọ̀ lọ́jọ́ márùn-ún, 12 ààbọ̀ nìyẹn lọ́sẹ̀. Kọ 12 tàbí 13, kì í ṣe 20. Ọ̀sẹ̀ bíi 36 ni ọdún ilé ẹ̀kọ́; bó bá ń ṣe é nígbà ìsinmi gbọọrọ pẹ̀lú, kọ 50 tàbí 52. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù mọ ìṣirò 168 yẹn dáadáa. Bí ìgbòkègbodò mẹ́wàá rẹ bá ro pọ̀ di wákàtí 65 lọ́sẹ̀, kò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́.

Èyí tó wúwo jù ni kó ṣáájú nínú àkójọ. Mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dájú ti tó. MIT, tó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kò tilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láyè ju mẹ́rin lọ. Bí o bá ti kọ márùn-ún tó ní ìtumọ̀, tí o wá fi "ọmọ ẹgbẹ́ Spanish Club, wákàtí 1, ọ̀sẹ̀ 6" ṣe ẹ̀kẹfà, ẹ̀kẹfà yẹn á sọ àwọn tó ṣáájú di fúyẹ́. Fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Àyè ẹ̀yẹ wà lọ́tọ̀, márùn-ún ni, lẹ́tà 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìwé tí o mọ̀ máa ń ṣe ọ́ lóore: AP Scholar (ẹ̀yẹ fún ẹni tó ṣe dáadáa nínú ìdánwò AP, kọ́ọ̀sì ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní girama), ipò nínú ìdíje ìṣirò, ẹ̀bùn olùkọ́, National Merit. Má gbé wọn sí àyè ìgbòkègbodò.

Bó bá ṣì ku ọdún kan tàbí méjì

Ọmọ Grade 10 tàbí Grade 11 ṣì ní àkókò láti fi ohun kan, ohun kan ṣoṣo, kún un. Mú un láti ibi tí ọpọlọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni o ti máa tètè rìn jìnnà.

Bó bá jẹ́ ìṣirò, AMC 10 àti AMC 12, ìdíje ìṣirò fún ọmọ girama, ń wáyé ní oṣù kọkànlá: ìbéèrè 25, ìṣẹ́jú 75. Ẹni tó bá mókè á lọ sí AIME, ìpele tó tẹ̀lé e, ìbéèrè 15 ní wákàtí mẹ́ta, nọ́ńbà láti 0 dé 999 sì ni ìdáhùn gbogbo wọn. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ kò bá ṣe é, béèrè ní oṣù kẹsàn-án lọ́wọ́ girama tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn tó ń gba ọmọ láti ìta. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, USACO, ìdíje kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀fẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, o lè ṣe é láti ilé. Gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ ní Bronze, wọ́n ń gòkè sí Silver, Gold, Platinum. Ẹni tó dé Gold ní ohun tó ṣeé kọ, tí olùkaǹwé ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ ìwúwo rẹ̀ láìsí àlàyé. Ohun tó ń ba ìdíje wọ̀nyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ìbéèrè àtijọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Máa ṣe mẹ́ta lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, kí o sì ka ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú èyí tí o kùnà.

O tún lè ṣe kọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò nígbà tí o ṣì wà ní girama, tàbí kí o ka AP kan fúnra rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe AP tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kọ́ gbọ́dọ̀ ti bá ẹni tó ń bójú tó AP sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, torí oṣù kọkànlá ni wọ́n ń pa ìwé béèrè ìdánwò dé, oṣù karùn-ún ni ìdánwò sì ń bọ̀.

Kíkọ́ ẹlòmíràn níwèé pẹ̀lú dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Lọ bá olùkọ́ ìṣirò Grade 9, sọ fún un pé o fẹ́ máa kọ́ àwọn tó ń kùnà ní ọjọ́ Tuesday àti Thursday lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wákàtí kan ààbọ̀. Ní ìwé kékeré kan tí o máa ń kọ ọjọ́, orúkọ àkọlé tí ẹ kọ́, àti iye ọmọ tó wá sí. Lẹ́yìn ọdún kan, nọ́ńbà gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ, olùkọ́ tó fojú rí i sì wà tó lè jẹ́rìí.

Sá fún mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àjọ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìsinmi tó ṣáájú Grade 12, tó ní ìkànnì ṣùgbọ́n tí kò ní iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ ló máa tú u fó. Èkejì ni ètò ìsinmi olówó gọbọi tó ń lo orúkọ yunifásítì ńlá, tó sì ń gba gbogbo ẹni tó bá ti sanwó. Orúkọ lásán ni o rà níbẹ̀, olùkaǹwé sì mọ èyí tí wọ́n ń dupò rẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ̀kẹta ni dídarapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mẹ́fà ní Grade 12. Fọ́ọ̀mù ń béèrè kíláàsì tí o ti ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan, "12" nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn á sì sọ ohun tí o kò fẹ́ sọ.

Lẹ́tà olùkọ́

Fún ọmọ tí ìgbòkègbodò rẹ̀ kéré, lẹ́tà ló lè gbé e ju ohunkóhun lọ lẹ́yìn máàkì, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹlòmíràn ti máa sọ irú ènìyàn tó jẹ́ nínú kíláàsì. Olùkọ́ Grade 11 méjì ni kí o lọ bá, nínú iṣẹ́ pàtàkì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, kí èkejì jẹ́ ti kíkà àti kíkọ. Olùkọ́ tí o gba A− lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí o ti jìjàkadì tí o sì ń bi í ní ìbéèrè sàn ju ẹni tó fún ọ ní A tí kò sì rántí ohùn rẹ.

Béèrè ní oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó gba ìsinmi gbọọrọ. Bi í báyìí: "Ṣé ẹ mọ̀ mí tó láti kọ lẹ́tà tó lágbára fún mi?" Bó bá ń ṣe wọ̀ọ́wọ́, wá ẹlòmíràn. Fún ẹni tó bá gbà ní ojú ìwé kan: iṣẹ́ méjì tí o ṣe ní kíláàsì rẹ̀ tí o sì fẹ́ràn, ibi tí o ti kùnà àti bí o ṣe ṣe é tán, ohun tí o kà lẹ́yìn kíláàsì nítorí ohun tó kọ́ ọ, àti ojúṣe tó wà lọ́rùn rẹ nílé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí o sọ fún olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ pẹ̀lú, torí òun ló máa ń ṣàlàyé ipò ọmọ fún yunifásítì. Nígbà tí o bá ń tọ́ka sí wọn nínú Common App, wọn á bi ọ́ bóyá o yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ láti ka lẹ́tà náà. Yọ̀ǹda rẹ̀, lẹ́tà tí ọmọ lè kà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìwúwo.

Àròkọ

Ọ̀rọ̀ 250 sí 650 ni. Má fi ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tọrọ àforíjì pé o kò ní ìgbòkègbodò. Kọ nípa bí o ṣe ń ronú. Ìbéèrè tó ń gbé ọ lọ sí ibi ìkówèésí, ẹ̀rọ tí o tú palẹ̀, ìdí tí o fi ka gbogbo ìtàn ogun kan tán tí o sì tún padà sí i. Nǹkan kékeré kan, kí o wò ó fínnífínní. Olùkaǹwé ti rí máàkì rẹ, kò tún fẹ́ kí o sọ fún òun pé o mọ̀wé. Ó fẹ́ rí ọpọlọ náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí ìdí kan bá wà tí àkókò rẹ kò fi tó, bíi àìsàn nínú ẹbí, iṣẹ́ tí o ń ṣe láti san owó ilé, ìrìn wákàtí méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tàbí girama tí kò ní ẹgbẹ́ kankan, apá tí wọ́n ń pè ní "Additional Information" ni ilé rẹ̀. Láti 2025, ọ̀rọ̀ 300 ló gbà. Ìlà mẹ́rin ti tó: ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tó ń gbà lọ́sẹ̀, ohun tó dí. Sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn, má sunkún sí i.

Àkójọ àti ọjọ́

Yunifásítì 8 sí 10 tó. Kí mẹ́ta jẹ́ ibi tí nọ́ńbà rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà ọ́ wọlé pátá, kí mẹ́rin jẹ́ ibi tí máàkì rẹ ti wà nítòsí nọ́ńbà òkè C9 tí C7 sì bá ọ mu, kí ìyókù jẹ́ ibi tó le. Kí o tó fi ọ̀kankan síbẹ̀, lo Net Price Calculator, ìṣirò tó ń sọ iye tí ìdílé rẹ gan-an máa san, tó wà lórí ìkànnì rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti mú un ní dandan láti 2011 fún ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè kò lè gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn. Kó wo ojú ìwé owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń wo agbára láti sanwó kí wọ́n tó gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Early Decision, ìkọ̀wé ṣáájú tó máa ń parí ní ọjọ́ 1 tàbí 15 oṣù kọkànlá, dè ọ́ mọ́lẹ̀: bí wọ́n bá gbà ọ́, o gbọ́dọ̀ lọ. Ó lè ran ọmọ tó ní máàkì gíga lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké tó ń ka ìfẹ́ ọmọ sí, àmọ́ má lò ó bí ìdílé rẹ bá fẹ́ fi owó tí ilé ẹ̀kọ́ kan fún ọ wé ti òmíràn. Early Action, ìkọ̀wé ṣáájú mìíràn, kò dè ọ́. Lò ó níbi gbogbo tó bá wà. Àwọn yòókù sábà máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní.

Bí o bá lè kúrò ní Amẹ́ríkà, McGill ní Kánádà ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ lórí máàkì nìkan. Ní Ìlú Ọba, UCAS, àjọ tí wọ́n ń gbà kọ̀wé wọ yunifásítì, fún ọ ní àyè yunifásítì márùn-ún àti àròkọ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ kà níbẹ̀ ni bí o ṣe jinlẹ̀ tó nínú ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kà. Oxford àti Cambridge ń pa tiwọn dé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ṣáájú ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Kí o tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, Common App máa ń fi PDF hàn ọ́ bí yunifásítì ṣe máa rí i. Gbé e sí kọ̀ǹpútà rẹ, kà á sókè fún ẹnì kan nínú ilé. Wo bóyá àlàyé kankan gé kúrò láàárín, bóyá wákàtí àti ọ̀sẹ̀ bá ara wọn mu, bóyá orúkọ yunifásítì mìíràn kò wà nínú àròkọ tí o kọ sí èyí. Lẹ́yìn tí o bá ti fi ránṣẹ́, wọn á fi ímeèlì tí o máa fi wọ ojúlé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn ránṣẹ́ sí ọ. Wọlé síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún ọ pé lẹ́tà olùkọ́ kan tàbí máàkì SAT kò tíì dé ọwọ́ àwọn.